Ọmọ Ayò Inú Díìsìkì

Àwọn tó bá gbọ́ pé mo ṣe géèmù kọ̀ǹpútà ní Òmù-Àrán nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì tó nǹkan nílùú wa máa ń rò pé ìwé tí mo kà ló sún mi débẹ̀, tàbí pé owó ni mò ń wá. Irọ́ ni. Ọwọ́ òsì bàbá mi ló fà á.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn káàkiri, bàbá mi ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu láti Oro-Àgọ́ lọ sí Ìlọrin. Ó kọ́ ilé, ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì gba ipò ọ̀ta lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta jù. Ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń nà. Tí wọ́n bá ti kírun Àláásárì tán, wọ́n á gbé ọpọ́n jáde, ẹni tó bá sì dé bá wọn á kí wọn pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!" Ẹni tó ń borí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Bí ọ̀pẹ bá ṣèèṣì dáhùn, ojú rẹ̀ á rí màbo lọ́jọ́ náà. Obìnrin kì í jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti kọ́ ayò tèmi. Mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń dáhùn ìkíni yẹn fún bí ogún ọdún.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń na bàbá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìsánlú-Ìsin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Ìsánlú. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá. Tó bá pa bàbá mi láyò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi máa sọ ọ́.

Ìgbà wá yí padà. Ọkọ̀ akẹ́rù náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nítorí kò sí owó táyà. Ọdún kejì tó jókòó síbẹ̀ ni ẹ̀gbà mú bàbá mi. Ó mú gbogbo apá ọ̀tún, ó sì wọ́ ahọ́n rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan á pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde. Bàbá Ìsánlú gbé ọpọ́n wọ yàrá tọ̀ ọ́ wá, ó ní, "Ọ̀rẹ́, fi òsì ta á. Ta ló ń wò wá?"

Háà! Mo rò pé ẹ̀gbà kejì ló fẹ́ dé. Ara bàbá mi ń gbọ̀n. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ló ń wí, pẹ̀lú ahọ́n tó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, "ìwọ wá ní kí n fi ọwọ́ òsì sọ ọmọ ayò síwájú rẹ?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó dáa, kó kàn máa fojú júwe ilé tó fẹ́ kó, òun á máa bá a sọ ọ́. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá mi kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà kò jáde mọ́, oúnjẹ rẹ̀ dín kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dín kù. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n wá ohun tó máa gbé e dìde kúrò nínú yàrá yẹn, pé ẹni tó bá ti pinnu pé òun ti ṣe tán, oògùn kì í ràn án. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé kọ̀ǹpútà kan wálé láti Èkó. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ dà á nù. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ihò díìsìkì méjì ló ní. Tí ẹ bá ti pa á, gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un ló gbàgbé, àfi èyí tí ẹ bá kọ sínú díìsìkì. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ gírámà ní ìṣirò, ẹ̀gbọ́n mi sì rò pé máàkì wọn ni màá máa fi ṣírò. Máàkì kọ́! Ìwé kan bá ẹ̀rọ náà wá tó ń kọ́ni ní Bésíìkì, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. N kò tíì kà á dé ìdajì tí ọkàn mi fi lọ sórí ọpọ́n ayò.

Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́: ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Bésíìkì lọ́ra bí ìgbín. Tó bá fẹ́ ta ayò, ọmọ kan á bọ́ sílé, ẹ̀rọ á ké "kín", òmíràn á tún tẹ̀ lé e. Kì í ṣe èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Mo gbé e síwájú bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ nọ́ńbà ilé tí ẹ fẹ́ kó."

Ó ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ.

"Bàbá, bọ́tìnnì ni. Kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, ẹ ò sì fi nǹkan kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Ó wo bọ́tìnnì, ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka òsì kan, ó tẹ̀ ẹ́. Kín, kín, kín. Ẹ̀rọ náà ò gbọ́n rárá, nítorí èmi tí mo kọ́ ọ kò mọ̀ ọ́n ta tó. Kò tó wákàtí kan tí bàbá mi fi jẹ ẹ́ tán. Ó fìka lu ojú gíláàsì náà, ó ní, "Ọ̀pẹ! Ọ̀pẹ pọ́ńbélé!" ó sì rẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún ni mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo lọ sunkún mi níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ló bi mí pé, "Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Àwọn ọmọ Bàbá Ìsánlú ti mú un lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí oko ò ṣeé dá nìkan mọ́. Yóò wálé fún Iléyá. Bàbá mi ní òun á bá a ta á lórí ẹ̀rọ, lábẹ́ igi máńgòrò, lójú gbogbo ayé. Àmọ́ òun kì í na ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ọpọ́n rí. "Fi ránṣẹ́ sí i, kó fi kọ́wọ́ ná. N kò fẹ́ àwáwí." Lójú gbogbo ayé, ó ní! Ìyẹn ni pé yóò jáde. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù sí Iléyá, n kò sì sùn dáadáa ní gbogbo rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ránṣẹ́? Ilé-iṣẹ́ ọkọ ọmọ Bàbá Ìsánlú ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ Bésíìkì tiwa yìí, ara ẹ̀rọ tiwa ló lẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá gbé géèmù náà sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí kò ní irú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fi lẹ́tà Lárúbáwá ránṣẹ́ sí ẹni tí kò kéwú ni. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé pé kí n tún un kọ ní Páskàlì, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní Páskàlì máa ń sọ iṣẹ́ di odidi fáìlì kan tó dá dúró, kí èèyàn ki díìsìkì bọ ihò kó sì máa ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Kánò. Ó tún ní àwọn ará ilé tó wà ní Èkó ti ń béèrè ayò náà, pé ẹni mẹ́rin ló fẹ́ gbà á. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó jókòó sínú fáànù! Iná máa ń dé sọ́dọ̀ wa fún wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án, ọjọ́ mìíràn kò ní dé rárá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń ṣiṣẹ́, bàbá mi sì ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Kí n wó o, kí n tún un kọ́ ní èdè tí n kò gbọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méje? Tí mo bá dúró sórí Bésíìkì, ayò náà kò ní kúrò nínú yàrá yẹn láéláé, bàbá mi náà kò sì ní kúrò níbẹ̀. Mo lọ sí Ìlọrin, mo da díìsìkì Páskàlì kọ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀ tí ojú ewé rẹ̀ kò pé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jìjàkadì. Tí iná bá lọ kí n tó kọ ọ́ sínú díìsìkì, màá tún bẹ̀rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọmọ kíláàsì mi nítorí pé ó wúkọ́, kí Ọlọ́run foríjì mí. Nígbà tí mo sì parí rẹ̀, Páskàlì yá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà, gbogbo ọmọ á ti bọ́ sílé kí ojú tó ṣẹ́. Mo bá ní kí ẹ̀rọ máa ka ení, èjì, títí dé iye kan tó pọ̀ láàárín ọmọ kan sí èkejì, kó tó sọ òmíràn. Mo fi iye náà kún, mo yọ nínú rẹ̀, títí bàbá mi fi ní, "Ó tó báyìí. Ó ń sọ ọ́ bí ọmọlúwàbí." Mo fi páálí bo díìsìkì náà lójú méjèèjì, mo fi rán ará àdúgbò kan tó ń padà sí Èkó.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí Iléyá nígbà tí èsì dé. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà yẹn, ẹni tí kò lè kọ̀wé máa ń gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ránṣẹ́. Èmi àti bàbá mi jókòó, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Bàbá Ìsánlú sì jáde.

"Mo ti rí iṣẹ́ ọmọ rẹ. O mọ̀ pé tí a bá ń ta ayò, sísọ là ń sọ ọ́ kí ẹni tí a jọ ń ta lè máa kà á. Ẹni tó bá fi pa mọ́, olè ni. Ẹ̀rọ rẹ yìí á ṣe fíìì, gbogbo ọmọ mi á ti lọ. N kò rí ẹyọ kan kó bọ́. Àádọ́ta ọdún tí a ti ń bọ̀, o ò rẹ́ mi jẹ rí. Ṣé nítorí ọwọ́ ni? Ó dáa, ìwọ lo borí. N kò wálé fún Iléyá mọ́."

Kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí lọ. Bàbá mi ní kí n pa á. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ náà kúrò níwájú òun pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà ṣáájú. Ẹ̀kọ àti àkàrà tí mo gbé sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ṣe gbé e padà.

Inú bí mi sí Bàbá Ìsánlú, ó bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní Páskàlì, èyí tó bí mi sí ara mi ló wá pọ̀ jù. Ta ló rán mi níṣẹ́? Fíìì báwo? Ìṣojú bàbá mi ni mo ti wọn iye yẹn! Mo mú díìsìkì náà, mo wọ bọ́ọ̀sì Ìlọrin. Ẹ̀rọ tuntun wà lọ́dọ̀ ọkùnrin olùkọ́ kọ̀ǹpútà yẹn. Mo ki díìsìkì bọ̀ ọ́, mo tẹ nọ́ńbà kan.

Fíìì. Gbogbo ọmọ ti lọ.

Kì í ṣe Páskàlì ló jẹ̀bi. Ẹ̀rọ tuntun yẹn yára ní kíkà ju tiwa lọ. Iye tí ẹ̀rọ arúgbó tiwa ń kà pẹ̀lú ìrora, òun ti kà á tán kó tó mí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo wọn ẹsẹ̀ arọ, mo wá fi rán bàtà fún gbogbo ayé. Ọkùnrin náà wo ohun tí mo kọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, aago wà nínú ẹ̀rọ, ẹ sì ń fi ìka kà? Bí aago ti ilé yín ṣe ń lọ náà ni tibí ń lọ." Ó ní ojú ewé tó kọ́ni ní ti aago wà lára èyí tí fọ́tòkọ́pì mi kò ní. Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo ti tún un kọ, pé kí ẹ̀rọ wo aago, kó dúró, kó tó sọ ọmọ mìíràn. Mo dán an wò lórí tuntun, mo délé mo dán an wò lórí tiwa. Kín, kín, kín. Bákan náà.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Dẹ́rẹ́bà kan á gbé díìsìkì lọ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ mo mọ̀ pé Bàbá Ìsánlú kò ní fọwọ́ kàn án tí kò bá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo gbé rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì wọ yàrá. Bàbá mi kọ̀. "Kó wá gbọ́ ahọ́n mi báyìí?"

N kò jágbe mọ́ bàbá mi rí láyé mi. Lọ́jọ́ náà mo jágbe. "Bàbá, èmi ni mo ṣe é! Ẹ̀rọ mi ló sọ yín di olè létí ọ̀rẹ́ yín, ẹnu mi ò sì lè tú u. Ẹnu yín nìkan ló lè tú u. Tí ẹ bá fẹ́ kú sínú yàrá yìí, ẹ má fi orúkọ olè kú!"

Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi fi ìka òsì tọ́ka sí rédíò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kà á. Kà á, kó o tó bú mi." Ó tán.

N kò gbọ́ èsì kankan. Ọjọ́ Iléyá dé, wọ́n ti Yídì dé, wọ́n pa àgbò, àwọn ará Èkó kún ilé. Mo ti na wáyà gba ojú fèrèsé, mo ti gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé kí ni mò ń retí. Lẹ́yìn Àláásárì, ọkọ̀ kan dúró. Bàbá Ìsánlú sọ̀ kalẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọlé tààrà. Ohun tí wọ́n sọ ní yàrá, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni bàbá mi tó ń jáde, tó gbára lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn yí wọn ká. Kín, kín, kín. Mo rí ètè àwọn méjèèjì tó ń mì, wọ́n ń kà á. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ borí, odù ńlá kan, ọmọ púpọ̀ tó kó jọ sínú ilé kan ṣoṣo, ti jókòó sílé rẹ̀ tó fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ó na ìka òsì rẹ̀ sí bọ́tìnnì.

Wọ́n mú iná lọ.

Ojú gíláàsì ṣókùnkùn. Gbogbo rẹ̀ ti parẹ́, n kò sì kọ́ ọ láti máa tọ́jú ayò tó wà lójú ọpọ́n. Ìka bàbá mi ṣì wà lókè. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ ojú yẹn, ojú tó máa ń kọ sí ògiri ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Bàbá Ìsánlú ní, "Ẹ gbé ọpọ́n wá."

Wọ́n gbé ọpọ́n ilé wa wá, pẹ̀lú àpò ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ka iye tí oníkálukú ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò jiyàn. Ó ní, "Ilé mi kìíní, mẹ́ta." Bàbá mi ní, "Mẹ́ta." "Èkejì, òfìfo." "Òfìfo." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to ọmọ padà láti inú orí, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí wọ́n rí i nígbà tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ́. Èmi tí mo kọ ẹ̀rọ náà, n kò rántí ẹyọ kan. Ó wá ku odù bàbá mi nìkan.

"Méjìlá," Bàbá Ìsánlú ní.

Bàbá mi mi orí. "Mọ́kànlá."

"Méjìlá ni, ọ̀rẹ́. Ara rẹ ò yá."

Bàbá mi kàn tọ́ka sí àpò. Ọmọ yòókù nínú àpò ni yóò jẹ́ ti odù, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà. Bàbá Ìsánlú da àpò sórí tábìlì, ó sì ń kà á sókè. Ó dé mẹ́sàn-án, ó dé mẹ́wàá, ó dé mọ́kànlá. Ó gbọn àpò náà. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ó wo bàbá mi, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ni ẹ̀gbà mú, kò mú orí. Àlùhámúdù lílàhì."

Ó kó mọ́kànlá náà sínú odù. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ bọ àpò dàńṣíkí, ó fi í síbẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé orí ọpọ́n. "Ìwọ ló kàn," ó ní. "Ta á."

Bàbá mi wo ọwọ́ òsì yẹn títí. Ó wá kó odù rẹ̀ pẹ̀lú òsì, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a mú un. Ó mú un fúnra rẹ̀. Èyí tó sọ kẹ́yìn jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi dúró tì wọ́n, wáyà iná ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!"

Bàbá Ìsánlú fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Gbogbo abẹ́ igi ń dúró. Ahọ́n bàbá mi wọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ àwọn tó ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé gbọ́ ọ: "Ọ̀ta ń jẹ́!"